Ọdún Tí Èmi àti Àbúrò Mi Jọ Wà Ní Kíláàsì Kan

Òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń gbé mi padà sí oko bàbá mi ní Odò-Ọwá, sí ọdún tí mo fìdí rẹmi ní kíláàsì kẹta iléèwé girama, tí àbúrò mi obìnrin sì bá mi níbẹ̀. Bí ìwọ náà bá ti tún kíláàsì kan kà rí, o mọ̀ bí àga ṣe máa ń gbóná mọ́ni nídìí. Tèmi tún wá burú, nítorí ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn rí la jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi orúkọ pè mí níléèwé, kí wọ́n má baà mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ó gbà, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, orúkọ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nílé, ìyá wa sì gbọ́. Kò pariwo. Ó kàn sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ n'ulé, ẹ̀gbọ́n rẹ n'ulé ùwé."

Lọ́jọ́ kejì, lójú gbogbo kíláàsì, àbúrò mi na ìwé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé yín rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi lu tábìlì. Ojú tì mí débi pé n ò lè gbórí sókè. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sọ fún bàbá wa pé mi ò kàwé mọ́, iṣẹ́ aránṣọ ló wù mí. Kò bá mi jà, ó ní kí n wá bá òun fọ́ kòkó lóko ná.

Àbúrò mi náà wọ aṣọ oko, ó tẹ̀ lé wa. Ó ní ibi tí ẹ̀gbọ́n òun bá wà lòun wà. Òun yìí ló máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní o. Mo ní kí bàbá wa lé e lọ síléèwé.

Bàbá wa ní, "Ùwọ ló tẹ̀ lé, kì í ṣe èmi."

Mo wò ó bó ṣe ń fọ́ kòkó, tí àdá ń yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú sì tì mí ju ti kíláàsì lọ. Èmi ni mo fẹ́ ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì wọ aṣọ iléèwé. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó.

Mo kàwé náà parí, ojú sì ń tì mí títí mo fi parí rẹ̀. Àwọn ará ilé wa ò lè gba ìtìjú yẹn kúrò lórí mi. Wọ́n kàn kọ̀ kí n dá a rù ni.