Àyè Tí Màmá Agége Fi Sílẹ̀

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Agége láàárọ̀, tí o gba ẹ̀yìn àwọn ilé búrẹ́dì kọjá, òórùn ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ: ìyẹ̀fun tó ń wú, igi tó ń jó nínú ààrò, àti èéfín dísẹ́ẹ̀lì láti ara jẹnẹrétọ̀. Òórùn yẹn wà lára aṣọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi títí wọ́n fi kú. Màmá Agége ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n. Ọkọ wọn, tí à ń pè ní Bàbá, fi gbogbo agbára wọn ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, owó iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi kọ́ ilé yẹn díẹ̀díẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Ọmọ kò dúró fún wọn. Nígbà tí Bàbá kú, ẹ̀yìnkùlé la sin wọ́n sí, lábẹ́ igi fúrúùtù.

Wọ́n ní bí baálé ilé bá kú, ilé a dahoro. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti fọ ẹnu tán, wọ́n á lọ gbá ewé kúrò lórí sàréè, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí i ká. Bí a bá fi í bá wọn ṣeré, wọ́n á ní, "Ibùsùn mi nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má gbin ẹ̀fọ́ sí i."

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, gbogbo wa sì rò pé ayé ti fẹ́ dẹrùn, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Ó mú apá kan, ó mú ọ̀pọ̀ nínú iyè wọn lọ pẹ̀lú. Ẹbí pàdé, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní èmi tí mo jẹ́ tíṣà l'Ọ́gbà ni mo sún mọ́ Màmá jù. Wọ́n fi mí ṣe alágbàtọ́ Màmá àti ilé wọn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, lọ́yà lu òǹtẹ̀ sí i, kálukú sì wá mọ́tò padà sí Èkìtì, ìlú wa. Owó oṣù tíṣà kò lè ra oògùn kó tún gba ẹni tí yóò máa gbé aláìsàn dìde. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo gbé Màmá wá sọ́dọ̀ mi, mo ní a ó ta ilé.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá wò ó kò padà wá. Ẹni tó dúró ni ọkùnrin kan tó ń ta irin ìkọ́lé ní Abúlé Ẹ̀gbá. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, tirẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́. Ó fi òrùka gbá ògiri, ó ní kò dún dáadáa. Ó ní páànù ti dógùn-ún. Ó ní ṣáláńgá sún mọ́ kànga jù. Mo ń gbà fún un, mo sì ń dín owó kù, títí ó fi dé ẹ̀yìnkùlé tó rí sàréè.

"Màdáàmù, kí nìyí?"

Mo ní ẹni tó kọ́ ilé ni.

"Háà! Mi ò lè ra ilé kí n tún ra òkú mọ́ ọn o. Ẹ gbé e kúrò! Kí èmi máa bá òkú sùn, àbí ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí a mọ ògiri yí ibẹ̀ ká, kí Màmá lè rí ibi sùn sí nígbà tí ọjọ́ wọn bá pé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fẹ́ gbé òkú kejì wá bá mi nínú ilé tí mo fowó mi rà?" Oògùn Màmá sì ń tán lọ nílé. Mo gbà.

Àárọ̀ Sátidé kan ni àwọn òṣìṣẹ́ hú Bàbá. Mo dúró tì wọ́n, nítorí kò yẹ kó jẹ́ àlejò nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Pósí ti jẹrà, irin ọwọ́ rẹ̀ ti di pupa. Egungun tó kù fúyẹ́ débi pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e. Ọkùnrin onírin dúró lẹ́nu géètì, ó fi hánkáṣíìfù bo imú. Kí ló ń bo imú fún? Òórùn kankan kò sí níbẹ̀ àfi ti búrẹ́dì. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣe mí bíi kí n já hánkáṣíìfù náà gbà. A gbé Bàbá lọ sí ìtẹ́ òkú ìjọba, a tẹ́ wọn sáàárín àwọn tí wọn kò mọ̀ rí.

Màmá wà lọ́dọ̀ mi l'Ọ́gbà. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi, orúkọ ìyá mi ni wọ́n fi ń pè mí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí mo bá ti fi omi gbígbóná nu ojú wọn, wọ́n á bi mí pé, "Ta ló lọ kí Bàbá?" Màá ní, "Èmi ni, Mà. Wọ́n ní kí n kí yín." Wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mu ẹ̀kọ wọn. Nígbà tí àwọn náà kú, kò sí àyè mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ìkángun kejì ìtẹ́ òkú ni Màmá wà, nítòsí ògiri.

Ọdún mélòó kan kọjá kí ẹsẹ̀ mi tó tún gba àdúgbò náà. Ọkùnrin onírin ló kọ́kọ́ rí mi láti ẹnu géètì. Ó ti hu ewú. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí mọ̀lẹ́bí, ó ní dandan kí n wọlé, ó sì mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Igi fúrúùtù ṣì wà. Lábẹ́ rẹ̀, láàárín búlọ́ọ̀kù tí Màmá tò gan-an, ni sàréè kan wà tí wọ́n fi táìlì funfun bò, pẹ̀lú àwòrán ìyá arúgbó kan.

"Ibi tí a tẹ́ màmá wa sí nìyí," ó wí. "Ẹ ò rí i bí ibẹ̀ ṣe tutù? Mo máa ń wá jókòó síbí nírọ̀lẹ́."

Mo bi í bóyá ó ń rí oorun sùn.

Kò tilẹ̀ yé e pé mo ń bú u ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, ìyá mi mà ni!"

Mi ò bá a jà. Mo kí i kú àṣẹ̀yìndè, mo sì jáde. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn nígbà náà, mo ṣì kórìíra rẹ̀ dòní, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa fún mi. Òkú ẹni kì í bani lẹ́rù. Ti ẹlòmíràn nìkan là ń pè ní òkú. Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé, mo rò pé ilé ni mo ń tà. Ibùsùn Màmá ni mo tà, ìyá ẹlòmíràn ló sì ń sùn sí i.