Ìbéèrè Tí Ẹ̀rọ Àbúrò Mi Bi Mí

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Inísà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kú nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sin ín. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ni mí, wọn ò jẹ́ kí n dé ìdí sàréè. Mo jókòó síwájú ilé, àwọn èèyàn ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn. Omijé kankan ò jáde. Ẹ ti yọ eyín rí? Ẹ mọ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń gún yẹn ṣe máa ń ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ẹ máa fọwọ́ kàn án, tí ẹ máa rò pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ló sì wà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìntì, Ìkìrun ni mò ń gbé. Ìgbà kan wà tí fáírọ́ọ̀sì ń jẹ iṣẹ́ àwọn oníbàárà àbúrò mi run. Gbogbo fláàṣì tó bá wọlé ló ń kó tirẹ̀ dé. Nígbà tó sú wa, a pa ètò tó wà nínú ẹ̀rọ náà rẹ́, a gbé irú mìíràn sí i, irú tí àwọn fáírọ́ọ̀sì yẹn ò rí ṣe. Irú yìí, lójú dúdú ni mo ti ń tún un ṣe. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni: o máa kọ àṣẹ, ẹ̀rọ máa dáhùn. Àbúrò mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ó jọ ilé tí wọ́n ti mú iná lọ. Èmi ló fi í sílẹ̀ fún. Mo máa wọ mọ́tò láti Ìkìrun, mo máa bá a tún un ṣe, mo máa padà sílé.

Kí ojú dúdú yìí tó bi ọ́ pé ta ni ọ́, ó máa ń kọ gbólóhùn kan sókè. Orúkọ ètò náà ló máa ń wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi fáìlì tí gbólóhùn yẹn ń gbé han àbúrò mi, mo sì jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo tún wá lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí mo rí lókè ojú dúdú nìyí:

"Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan bí ẹ ò bá tíì jẹun."

Mo kígbe orúkọ rẹ̀. Ó wà níwájú lọ́dọ̀ oníbàárà, ló bá ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ ò mọ̀wé kà ni? Ẹ̀bà wà nínú kúlà." Bó ṣe wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Èmi nìkan ló ń rí i, torí kò sẹ́lòmíì tó ń débẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó lọ́kọ sí Òkukù, ní òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tòun níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a du ú. Ó pè mí lórí fóònù.

"Bàbá Ìkìrun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ di tuntun. Pírńtà tí mo ní ò bá a ṣe." Ó tún fi kún un: "Kó di tuntun pátápátá o, bàbá. Mi ò fẹ́ jókòó síwájú ẹ̀ kí n máa rí màámi níbi gbogbo."

Mo ní mo gbọ́.

Nẹ́tíwọ̀kì ò dára ní ṣọ́ọ̀bù Inísà, nítorí náà ilé mi ni mo ti wa gbogbo ẹrù ètò tuntun náà sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹrù ni mo ń pè wọ́n: fáìlì kan tí wọ́n di ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn sínú rẹ̀, tí wọ́n fún pọ̀, tí wọ́n so lẹ́nu. Dpkg ni ètò tó ń tú wọn. Ó máa tú ẹrù, ó máa gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ní kó tú u sí ibi ọ̀tọ̀, kéèyàn kàn wo ohun tó wà nínú rẹ̀, láìgbé nǹkan kan sípò. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe. Ìyá wa ló kọ́ wa: ẹrù tí dẹ́rẹ́bà bá gbé dé láti ọ̀nà jíjìn, orí ẹní la ti ń tú u wò ká tó kó o wọ yàrá. Mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tú ti pírńtà, kò sí wàhálà. Nígbà tí mo tú ẹrù ìpìlẹ̀, èyí tí àwọn yòókù gbé ara lé, mo rí fáìlì kékeré kan, mo ṣí i. Orúkọ ètò àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àyè tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi wà gan-an ni fáìlì yìí ń lọ.

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí dpkg bá dé orí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tó rí i pé èèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà, kì í dédé gbé tuntun lé e. Ó máa dúró, ó máa béèrè: ṣé kí n fi tuntun sí i, àbí kí n fi tìrẹ sílẹ̀? Ó ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí àbúrò mi wà láyé, mo ní kó fi í sílẹ̀, kò tilẹ̀ gbà mí ní èrò kankan. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀, gbólóhùn yẹn nìkan ló kù tí àbúrò mi ṣì ń bá mi sọ. Mo jókòó, mo ń retí kí n mọ èyí tí mo fẹ́. N kò mọ̀ ọ́n. Mo kó àwọn ẹrù náà sínú fláàṣì.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Inísà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ náà ti ṣí ṣọ́ọ̀bù dè mí, ó ti gbálẹ̀, ó mú ìgò òróró kékeré kan lọ́wọ́. Àwa àgbà, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun la dàgbà sí. Òun àti ọkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé yìí ni wọ́n ń lọ.

"Bàbá, mo fẹ́ fi òróró yàn án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

"Iná ló ń lò, ọmọ yìí. Tó bá wọnú ẹ̀, àdúrà ò ní í tún un ṣe o."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ níbí ni."

"Ó dáa. Ìka kan. Má débi fáànù."

Ó fi ìka kan ra á. "Ẹ ò ṣe àmín, bàbá."

Mo ṣe àmín.

Mo ṣí ojú dúdú. Mo fi ara bo ojú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà yọ, mo yára kọ orúkọ mi kó lè kọjá lọ. Mo kọ àṣẹ. Dpkg bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ó ń tú èyí, ó ń tú tọ̀hún, ìlà ń gun òkè. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ bí àwọn ará Òkukù ṣe ń bi í pé ìgbà wo ló máa ṣí. Mo ń dáhùn ẹn, ẹn. Ìlà dúró.

"Ó ti há?"

"Kò há. Ó ń béèrè nǹkan ni."

Mo lè dáhùn kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ kí dpkg fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín àtijọ́ àti tuntun hàn. Òun ni mo tẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi yọ, àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀. Orúkọ ètò yọ lábẹ́ rẹ̀, àmì àròpọ̀ wà níwájú tiẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó wò ó láti èjìká mi, ó kà á jáde.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ìyá ẹ."

Ó tún un kà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màámi! Wọ́n tún wá ń fi oúnjẹ yọ yín lẹ́nu nínú kọ̀ǹpútà!" Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó fi etí gèlè nu ojú. Mo rí i pé ó ń sunkún, bí èèyàn ṣe ń rí òjò tó ń rọ̀ ní òdìkejì títì.

"Kí lẹ máa tẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ẹ ni. Ìwọ lo ní kó di tuntun."

"Mi ò mọ̀ pé èyí wà níbẹ̀."

"O ti wá mọ̀ báyìí."

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí, bàbá. Ẹ má gbé e kọ́ mi lọ́rùn."

Òótọ́ ló sọ. Mo rò ó wò: ní Òkukù, òun ló máa jókòó síwájú ẹ̀rọ yìí, tàbí ẹni tó bá gbà síṣẹ́. Ìyá rẹ̀ á máa kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ kú ìrìn. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó fi tuntun sí i. Ìlà tún ń gun òkè.

"Ó ti lọ nìyẹn?"

"Kò lọ." Mo fi hàn án. Dpkg kì í ju irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nù bí tuntun bá gba ipò rẹ̀. Ó ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ó so ìrù kan mọ́ orúkọ rẹ̀ tó ń sọ pé àtijọ́ ni. "Kò ní í yọ sí ọ, àfi tí o bá wá a lọ. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Ẹ fi síbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ò mú un sínú fláàṣì yín?"

Mo ní rárá. Ó béèrè ìdí, mo yọ fláàṣì kúrò lára ẹ̀rọ.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, mo ṣí ojú dúdú láti wò ó bóyá iṣẹ́ náà jẹ́. Orúkọ ètò àti nọ́ńbà rẹ̀ yọ lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ó ń béèrè orúkọ mi. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Pírńtà ṣiṣẹ́.

A pe táksí. Ọmọ náà ò jẹ́ kí wọ́n kó ẹ̀rọ sí bútù, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Wọ́n kọjú sí Òkukù. Èmi sọdá títì, mo dúró de mọ́tò Ìkìrun.