Èdè Sípéènì Nídìí Agbada Gàárì

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí iṣẹ́ sí oko tòmátì ní Sípéènì, ó fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sílé ní Inísà. Ó ní òun kò ní í mú ìyàwó tí yóò dójú ti òun lójú òyìnbó wá. Kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbọ́ èdè ibẹ̀ ná, lẹ́yìn náà lòun yóò ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ohùn rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà: “Gé ọ̀rọ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́, kí o máa pàtẹ́wọ́ sí ègé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ohùn bá ti wúwo, pa á kíkankíkan. Tra-ba-ja-mos: a ń ṣiṣẹ́. Orí ‘ja’ ló ti wúwo.”

Gàárì ni ẹ̀gbọ́n mi ń yan fún ìyá ọkọ wọn látàárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ wọn kì í ṣófo. Àáfọ́ igbá tí wọ́n fi ń ro gàárì ni wọ́n ń gbá mọ́ etí agbada dípò àtẹ́wọ́. Tí mo bá ti Ìkìrun dé, láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ìyá ọkọ wọn a sì máa pe àwọn aládùúgbò: “Ẹ wá wo òyìnbó ẹlẹ́gàárì o!” Mi ò ní í pe obìnrin náà ní “wọ́n” níbí. Kò tọ́ sí i.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi mọ èdè náà tán pátápátá ni ìyá ọkọ wọn lọ mú ọmọge kan wá láti Òkúkù, ìyàwó tuntun fún ọmọ rẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ ni ìyáálé, ìwọ lo máa kọ́ ọ. Òun ló ń lọ. Tí ìwọ bá lọ, ta ni yóò máa yan gàárì fún mi?”

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, mà.”

Itan ọmọ náà ni wọ́n fi ṣe agbada. Tra, wọ́n á fọwọ́ kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ba, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ja, wọ́n á gbá a pàì, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Ta ni yóò bá ìyáálé wí pé ó ń kọ́ ìyàwó? Ọmọ náà kò mọwọ́mẹsẹ̀, inú mi sì ń dùn.

Ọmọ náà lọ sí Sípéènì. Kò pẹ́, kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dé. Ọmọ náà ló ń sọ èdè náà geere, tí ọkọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Ta ló kọ́ ẹ dáadáa báyìí?” Ìyá ọkọ wọn rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi tún un fi sí ẹ̀rọ kí òun gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n jù ú sínú iná abẹ́ agbada. Gàárì ọjọ́ náà ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Òun ni wọ́n fi tẹ ẹ̀bà fún ìyá ọkọ wọn, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi gbé òkèlè ìkẹyìn mì.