Ìbọn Orrin Tó Wà Nísàlẹ̀ Ilé Mi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Orrin Leavitt fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé ní ìlú wa, kò sì fi ọmọ kan sílẹ̀ sínú yìnyín rí. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá pẹ́, á fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dúró. Tó bá di oṣù kọkànlá, èmi àti òun a jọ wọgbó lọ dọdẹ àgbọ̀nrín. Ẹran àgbọ̀nrín kan ń bọ́ ilé mi títí di oṣù kẹta, nítorí náà irinṣẹ́ ni mo ka ìbọn sí, bí àáké.

Lọ́dún tí Lorna ìyàwó rẹ̀ kú, Orrin gbé ìbọn rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìnkú, ó fi aṣọ ìnura wé e. Ó ní, "Alden, bá mi tọ́jú eléyìí. Ilé yẹn ti dákẹ́ jù."

Mi ò bi í léèrè kankan. Níbí, bí ọkùnrin bá gbé ìbọn rẹ̀ wá fún ọ nígbà ọ̀fọ̀, wàá gbà á, wàá tì í mọ́ yàrá ìsàlẹ̀ ilé, wàá sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi wá béèrè. Bàbá mi ṣe é fún èèyàn méjì, kí ìbànújẹ́ má baà mú kí wọ́n yìnbọn fún ara wọn. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí.

Nígbà tó di oṣù kẹta, a ṣe ìpàdé ìlú tí a máa ń ṣe lọ́dọọdún. Marjory Pike, akọ̀wé ìlú, ka òfin tuntun kan tí wọ́n fẹ́ ká dìbò lé: gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àgádágodo, ẹni tó bá sì ń tọ́jú ìbọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo dìde. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò máa wọlé onílé lọ yẹ àgádágodo wò, nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni àwa àti ìlú méjì mìíràn jọ ń lò. Mo wá fi òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè kádìí rẹ̀: ẹ̀tọ́ ni ìbọn jẹ́, òfin ìlú kò sì lè dúró sáàárín ọkùnrin àti ìbọn rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Marjory, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, wò mí láti orí awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin Alden, ta ló wá dúró sáàárín Orrin àti tiẹ̀? Àbí èyí tó wà nísàlẹ̀ ilé yín ti di tiyín?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Orrin, tó jókòó lẹ́yìn nítòsí ìkòkò ẹ̀wà tí wọ́n sè fún ìpàdé, doríkodò.

Ìbò mẹ́sàn-án la fi borí, òfin náà sì ṣubú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìbọn náà lọ fún Orrin. Mo ń sọ fún ara mi pé kò yẹ kí èèyàn wí báyìí nípàdé kó sì ṣe báyẹn nílé. Irọ́ ni. Ẹ̀rín yẹn ló ń ta mí.

Orrin ṣílẹ̀kùn. Kò tíì fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ mélòó kan, abọ́ àìfọ̀ sì kún ilé ìdáná.

"Mi ò tíì béèrè fún un," ló wí.

"Tìẹ ni. Ẹ̀tọ́ rẹ ni."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni, Alden. Ìdí tí mo fi gbé e wá bá ẹ nìyẹn."

Mo fi í ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo ní ojú ọjọ́ máa dára, mo bá tèmi lọ. Mo rí irùngbọ̀n yẹn, mo rí abọ́ yẹn. Mo gbé wọn lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìtìjú mi, mo sì jẹ́ kí ìtìjú mi tẹ̀wọ̀n jù wọ́n lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi débẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kan ilẹ̀kùn mi. Máìlì méjì ló fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín, ó gba iwájú ọ́fíìsì Marjory kọjá, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi aṣọ wé e.

"Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í," ló wí. "Gbà á. Tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ mi lóòótọ́, ẹ̀tọ́ mi náà ni kí n gbé e fún ẹ."

Mo gbà á. Mo po kọfí fún un. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ife mú. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ fún un pé kì í ṣe òfin ìpìlẹ̀ ló gbé ìbọn dé ilé rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìnyín ni mo ń sọ.

Ó tún lo ọdún mọ́kànlá láyé. A jọ ń wọgbó. Kọfí nìkan ló máa ń gbé dání. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, lórí ibùsùn rẹ̀, lọ́dún tó kọjá. Kò béèrè ìbọn náà títí tó fi lọ.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, òfin yẹn tún padà wá síwájú ìpàdé. Marjory ń wojú mi, ó ń retí pé kí n dìde. Mi ò dìde. Òfin náà tún ṣubú, mo sì ṣì gbà pé wọn ò kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbọn Orrin Leavitt wà lọ́dọ̀ mi.

Ó ní òfin kankan ò béèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún Orrin fún un: pé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló mú mi dá ìbọn padà.

Ó gbé kálàmù sílẹ̀. "Èmi ni mo fi yín ṣẹ̀sín lọ́jọ́ náà."

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀," mo dá a lóhùn. "Èmi ni mo gbé ìbọn lọ fún un."