Ìwé Àdéhùn Odò Ọ̀ṣun Tí Wọn Kò Fọwọ́ Sí

Láti kékeré ni ìyá ọkọ mi ti ń mu omi odò Ọ̀ṣun. Olùsìn Ọ̀ṣun ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Iléṣà ni èmi, a sì jọ ń gbé ní Ìgbóńà láìjà. Lọ́jọ́ tí mo ní kó má mu ún mọ́, ó wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì.

"Ìyàwó mi, omi Ọ̀ṣun ni kí n pa tì?"

"Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, Màámi. Àwọn tó ń wa wúrà lọ́hùn-ún ti bà á jẹ́."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń mu píọ̀ wọ́tà, ṣùgbọ́n ó máa ń gbójú kúrò lára mi bó bá ń mu ún. Inú bí mi gan-an, torí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa tó ń mójú tó omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ pé a kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé sí Òṣogbo. Àwọn ìpínlẹ̀ tí odò náà gbà kọjá rán aṣojú wá, ìjọba àpapọ̀ náà sì rán tiwọn. Èmi ni akọ̀wé. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn kò le rárá: kí gbogbo wọn máa yẹ omi wò lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n máa fi èsì ránṣẹ́ síra wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fún awakùsà níwèé àṣẹ létí odò láìsọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Odindi àárọ̀ ni wọ́n fi jà lórí ìpínlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ yóò ṣáájú. Lọ́sàn-án, aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní, "Ọwọ́ wa ni wúrà wà. Ọwọ́ yín ni omi wà."

Aṣojú tiwa fèsì pé, "Ẹ̀yin lẹ fún wọn níwèé àṣẹ!"

Aṣojú ìpínlẹ̀ tó wà lókè odò ní omi mọ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tú ká. Ẹnì kankan kò fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kọ ọ́ pé ẹnu wọn kò lórí àdéhùn náà."

"Ẹnu wọn kò kò, sà."

"Ṣé o fẹ́ bá mi jiyàn ni?"

Ohun tí mo gbọ́ gan-an ni mo kọ, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó wá. Oṣù kan kò pé tí wọ́n fi gbé mi lọ sí Iléṣà, sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin kan fi pè mí lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ òkè odò ni; ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ló jókòó sí nípàdé, kò sọ̀rọ̀.

"Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ojú sì tì mí," ló wí. "Ọjọ́ wo la máa bu omi yẹ̀ wò?"

Láti ìgbà náà, lóṣooṣù, òun a bu tirẹ̀ lọ́hùn-ún, èmi a bu tèmi nísàlẹ̀ Ìtagunmódì, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Tirẹ̀ mọ́. Tèmi pọ́n bí ẹrẹ̀. Ibi tí omi ti ń bàjẹ́ kò fara sin mọ́. A ti fi èsì náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa méjèèjì, wọn kò fèsì. Kí wọ́n má fèsì. A ó ṣì máa fi ránṣẹ́, kí ọ̀kankan nínú wọn má baà lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò mọ̀.