Ògiri Méjì Nínú Ìjì Kan

Ìyá Oníjì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé tí ẹnì kan bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kó máa wo àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè, kó sì sọ bí inú ìjì tó bá ń bọ̀ lórí òkun ṣe rí: bí ojú rẹ̀, ìyẹn ihò àárín rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti dákẹ́, ṣe fẹ̀ tó, bí ògiri òjò tó yí ojú náà ká ṣe nípọn tó, ibi tí afẹ́fẹ́ ti le jù. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń jò, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ń lọ dà á nù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń sọ òjò fún gbogbo ìlú, òjò ń rọ̀ sí i lẹ́sẹ̀ nínú ilé.

Sátẹ́láìtì tí wọ́n ń lò kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan wà lójú kan lókè, wọn kì í ṣíjú kúrò lára òkun, àmọ́ orí ìkùukùu nìkan ni wọ́n ń rí. Àwọn mìíràn ń yí ayé po. Ìwọ̀nyí ló lè rí abẹ́ ìkùukùu, tí wọ́n á fi òjò inú rẹ̀ hàn bí ìgbà tí dókítà bá ya àwòrán egungun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í gbọ́ ìpè. Ìgbà tí ọ̀nà wọn bá gba orí ìjì náà ni wọ́n ń kọjá, kí èèyàn sì máa dúró dè wọ́n.

Ìyá Oníjì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n yìí ń kan ọkọ̀ ojú omi ní abúlé etí òkun tí wọ́n ti dàgbà, iṣẹ́ náà ló sì fi rán an nílé ìwé. Ó máa ń fi àbúrò rẹ̀ yangàn kiri èbúté. "Ẹ jí ẹja nínú àwọ̀n ẹlòmíì wò," á wí fún àwọn apẹja, "àbúrò mi ń wò yín láti òkè." Obìnrin náà ti ṣàlàyé fún un títí pé sátẹ́láìtì kò lè rí ẹja, kò lè rí èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ní kò sẹ́ni tó bi í.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìjì kan gbéra láti àárín òkun, ó kọjú sí etí omi wọn. Ojú rẹ̀ kéré, ó dá ṣáká láàárín ìkùukùu funfun, ògiri tó yí i ká sì ki pọ́pọ́. Ìyá Oníjì kò tíì rí èyí tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kéde pé kí gbogbo ará etí omi gbéra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan lórí òkè, ó sì ń ti ibẹ̀ pè é pé bẹ́ǹṣì tí wọ́n fún àwọn ti fẹ́ ya ìdí òun sí méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ìjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Sátẹ́láìtì tó ń wọn afẹ́fẹ́ lójú omi kọjá, ó fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ gan-an. Inú gbogbo ọ́fíìsì dùn. Ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Oníjì lọ bá ọ̀gá wọn.

"Ọ̀gá, ara mi ò balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń pa ògiri dà ni."

"Ó ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá dáhùn. "Ṣé a ti rí abẹ́ ìkùukùu ẹ̀?"

"Ó di ọ̀sán."

"Jẹ́ ká kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ti dínkù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má padà sílé."

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bí rédíò sì ṣe kà á nìyẹn. Apá tó ṣáájú nìkan ni àwọn èèyàn gbọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pè.

"Àbúrò, wọ́n ní ó ti rọlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ti dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ má padà síbẹ̀ o. Ó jọ pé ògiri inú ẹ̀ ló ń wó, tí òmíì sì ń dìde lẹ́yìn ẹ̀, tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá dìde tán, gbogbo ìjì yẹn á tóbi sí i, omi tó máa tì wá sórí ilẹ̀ á pọ̀ gan-an."

"Ṣé o ti rí ògiri tuntun yìí?"

Kò purọ́ fún un rí. "Mi ò tíì rí i, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Tó o bá rí i, bá mi kí i. Ọkọ̀ oníbàárà kan ni mo fẹ́ sáré lọ so dáadáa. Màá ti dé kí wọ́n tó pín oúnjẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Mo gbọ́, mo gbọ́," ó wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, sátẹ́láìtì tí wọ́n ń retí kọjá. Àwòrán náà jáde díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ògiri méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì. Ti inú ti já sí wẹ́wẹ́. Ti òde tóbi, ó pé yíká, etí rẹ̀ sì ti fẹ́ kan ilẹ̀. Ìyá Oníjì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò wọlé. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ó ti lọ, àǹtí," ni ìyẹn wí. "Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti rọlẹ̀."

Ìkìlọ̀ tuntun ṣì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, òun ló sì mọ̀ ọ́n kọ jù. Ó jókòó, ó kọ ọ́. Omijé ń dà sórí bọ́tìnì kọ̀ǹpútà, ó ń fi apá aṣọ nù ún kí ọwọ́ rẹ̀ má baà yọ̀.

Òkun gba orí abúlé náà kọjá. Nígbà tí omi fà, wọ́n rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú oko olóko, níbi tó jìnnà sí etí òkun, okùn tó fẹ́ fi so ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Níbi ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀, tó ti ń fi "ẹ" bá Ìyá Oníjì sọ̀rọ̀ látọjọ́ tó ti wọlé wọn, wò ó lójú.

"O sọ fún un pé ó ti dínkù."

Ìyá Oníjì sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìjọba ṣèwádìí, wọn ò rí ẹni tó jẹ̀bi. Ìyẹn kò tù ú nínú rárá. Ìjì náà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ pé kó yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wo gbogbo àwòrán rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú fi ń ta á. Ó rí i níkẹyìn pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, àní nínú àwòrán orí ìkùukùu lásán, ibì kan ti fẹ́lẹ́ yí ká láàárín ògiri méjèèjì, ó rí fírífírí bí ojú ilà tí wọ́n fi ìka fà sára eruku. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn nìkan búra nígbà yẹn. Ní báyìí, ọ́fíìsì ń wá irú rẹ̀ nínú gbogbo ìjì, ìkéde wọn sì ti yí padà: "ẹ má padà sílé" ló ń ṣáájú, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé wá bá a níbi iṣẹ́, ó ṣì wọ aṣọ dúdú. Kò jókòó.

"Fi hàn mí."

Ìyá Oníjì mọ ohun tó ń béèrè. Ó ṣí àwòrán ọ̀sán náà.

"Níbo la wà, àwa tá a wà lórí òkè?"

"Ibí yìí."

"Òun ńkọ́?"

Ó fi ìka kan etí òkun. "Ibí. Ògiri òde ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn títí. Lẹ́yìn náà ó béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé ẹ̀rù bà á?"

Ìbá rọrùn láti sọ pé rárá. Ìyá Oníjì gbìyànjú láti sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

"Mi ò mọ̀, ìyàwó wa. Sátẹ́láìtì ò lè rí ìyẹn."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fa àga, ó jókòó tì í. "Dá a padà sí àárọ̀," ó wí. Ìyá Oníjì dá a padà, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo bí ìjì náà ṣe ń tóbi.