Mọ́tò Yẹ́lò Kò Jáde

Ẹni tó bá bá Nọ́ọ̀sì lórí àga rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó ká ẹsẹ̀ sókè, tó di páàdì géèmù mú, tó ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á ní orí ìyá àgbà yìí ti yí. Orí rẹ̀ pé o. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Eré mọ́tò ló ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin sá lórí ẹ̀rọ géèmù: tirẹ̀ pupa, ti àbúrò yẹ́lò. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì wà.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ géèmù ló fà á. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, àbúrò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ màmá fún aládùúgbò kan láì bi ẹ̀gbọ́n léèrè, ni Nọ́ọ̀sì bá búra pé òun ò ní kọ́kọ́ pè é láyé òun. Àbúrò náà ò kúkú pè. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, agídí tirẹ̀ ò kéré! Ọmọ Nọ́ọ̀sì ló dọ́gbọ́n, tó ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù méjì, ó gbé ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ó gbé èkejì fún àǹtí rẹ̀. Láti ìgbà náà, mọ́tò yẹ́lò yẹn ni Nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ pé àbúrò òun wà láàyè. Tó bá ń rọra rìn, ara ò yá nìyẹn. Tó bá wá kọ lu mọ́tò pupa látẹ̀yìn, Nọ́ọ̀sì á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Oníyẹ̀yẹ́! Inú rẹ̀ dùn lónìí."

Àfi bí ìkìlọ̀ kan ṣe yọ lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan: àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ò ní ṣe àtìlẹ́yìn fún un mọ́ láìpẹ́. Nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àtìlẹ́yìn wo? Ó gbé ẹ̀rọ náà, ó di ọ̀dọ̀ atúnṣe.

"Màmá, omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́," ni atúnṣe wí. "Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí mọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣíwọ́ títa géèmù rẹ̀. Ohun tó so yín pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn ló kù. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n á já a."

"Ṣé ó kú nìyẹn?"

"Kò kú o, Màmá. Á ṣì máa tàn."

"Á máa tàn, àmọ́ kò ní lè bá èèyàn ṣeré?"

"Ẹ lè máa dá ṣe é."

"Háà! Ní wọ́ọ̀dù tiwa, èèyàn kú ni tàbí kò kú. Èwo ni ti kíkú díẹ̀díẹ̀ yìí?"

Ó pe ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ní kí wọ́n ra tuntun, àmọ́ àǹtí náà gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀. "Ẹ pè wọ́n fúnra yín, Mọ́mì. Mo ti ṣe ońṣẹ́ yín fún ọdún mẹ́fà, ó ti sú mi." Nọ́ọ̀sì dúró sáàárín pálọ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù parí, ó tan ẹ̀rọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó tàn. Mọ́tò pupa jáde, títì jáde, mọ́tò yẹ́lò kò jáde. Ó pa á, ó tún un tàn. Rárá. Ó ka ọjọ́ lórí ìka: oṣù ò kúkú tíì parí! Ṣé wọ́n ti já a ṣáájú ọjọ́ ni, àbí ara àbúrò ni ò yá? Àbí ó tún ti bínú? Àbí... Kò jẹ́ kí ọkàn òun parí ìyẹn. Ó pe atúnṣe, kò gbé e. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Gbogbo rẹ̀ dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀rù sì bà á ju bó ṣe lè máa rántí ìbúra kankan lọ. Ó gbé fóònù.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún.

"Ta nìyẹn?" Ohùn àbúrò ti há.

"Èmi ni."

Ẹkún sọ ní òdì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin nìyẹn? Mọ́tò yín ò jáde látàná. Wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n tèmi pé kò sí ẹni tí mò ń wá. Kò sí! Mo ti ń sunkún òkú yín látàná."

"Wọ́n ti já a ṣáájú ọjọ́ nìyẹn! Ṣé o ò ka ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?"

"Èmi kì í kà á, mo kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ kúrò ni."

"Kí ló wá dé tí o ò pè mí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹlòmíràn ló máa gbé fóònù yín."